Ẹ̀wù Kan Náà, Ìran Ọ̀tọ̀: Àyẹ̀wò Àbùdá àti Ìtọpinpin Àrùn Lọ́rùnlọ́rùn

Àrùn lọ́rùnlọ́rùn, tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, ni àrùn tí ó máa ń mú kí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn wú, tí ibà, ẹ̀fọ́rí líle àti ọrùn gígan sì máa ń bá a rìn. Oríṣiríṣi kòkòrò ni ó lè fà á, ṣùgbọ́n èyí tí bakitéríà ń fà ni ó léwu jù lọ, nítorí pé ó lè pa ènìyàn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé bí irú èyí bá mú ènìyàn mẹ́fà, ọ̀kan nínú wọn ni ó ń kú, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan nínú márùn-ún ń ní àléébù tí ó le, bí etí dídi tàbí wárápá.

Nínú àwọn bakitéríà wọ̀nyí, Neisseria meningitidis ni ó sábà máa ń fa àjàkálẹ̀ tí ó ń kó odindi ìpínlẹ̀ tàbí orílẹ̀-èdè sínú ìdààmú, òun sì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Kò ní ibùgbé mìíràn ju imú àti ọ̀nà ọ̀fun ọmọ ènìyàn lọ, ibẹ̀ ni ó sì ń gbé nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le koko, tí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń gbé e kiri. Nítorí náà, bí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú kan, kò tó láti sọ pé bakitéríà yìí ni ó wà nídìí rẹ̀, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó ti wà láàárín ìlú tipẹ́. Ohun tí àwọn olùtọpinpin ní láti mọ̀ ni èwo nínú àwọn ìran rẹ̀ ni ó ń pa ènìyàn, ibi tí ìran náà ti wá, àti ohun tí ó fi yàtọ̀ sí àwọn tí kì í pa ẹnikẹ́ni. Àyẹ̀wò àbùdá ni ó ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì ti já ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà tẹ́lẹ̀ ní koro ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni àrùn náà ti ń jà jù. Ní ọdún 1963, dókítà ará Faransé kan, Léon Lapeyssonnie, ṣàpèjúwe agbègbè gbọọrọ kan ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tí ó ti di mímọ̀ sí ìgbànú àrùn lọ́rùnlọ́rùn, tí ó sì nà láti Senegal ní ìwọ̀-oòrùn dé Ethiopia ní ìlà-oòrùn lóde òní. Òkè Ọya ilẹ̀ Nàìjíríà wà láàárín ìgbànú náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àrùn yìí máa ń gbilẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ àti eruku bá ti gbẹ imú àti ọ̀fun, bí òjò bá sì ti ń rọ̀ dáadáa ni ó máa ń lọ sílẹ̀. Ní ọdún 1996 nìkan, àwọn tí ó mú ní Nàìjíríà lé ní 100,000, àwọn tí ó sì kú nínú wọn lé ní 11,000.

Ẹ̀wù A ni bakitéríà ọdún 1996 wọ̀. Ẹ̀wù ni orúkọ tí a ó máa pe ìpele oníṣúgà tí ó bo gbogbo ara bakitéríà náà, tí kì í jẹ́ kí àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn rí i gbé mì. Oríṣi méjìlá ni àwọn onímọ̀ ti rí, ṣùgbọ́n mẹ́fà ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àìsàn náà: A, B, C, W, X àti Y. Ẹ̀wù yìí náà ni ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kọ́ ara ènìyàn láti dá mọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí yàrá àyẹ̀wò máa ń wádìí ni irú ẹ̀wù tí bakitéríà wọ̀, tí ìwádìí ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń parí síbẹ̀. Ó wúlò púpọ̀, nítorí pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún A kò lè dá C dúró. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀wù kì í sọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Bí ó ti ń rí lóde ìnáwó náà ni, níbi tí ọ̀rẹ́, aládùúgbò àti ará ibi iṣẹ́ ti ń wọ aṣọ ẹbí kan náà láìjẹ́ pé wọ́n bá ara wọn tan, tí ọmọ ìyá méjì sì lè wọ aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí pé ẹgbẹ́ tí wọ́n bá jáde kì í ṣe ọ̀kan náà.

Inú gbogbo ohun abẹ̀mí ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní DNA, èyí tí èròjà mẹ́rin tò tẹ̀ léra wọn nínú rẹ̀ lọ́nà oríṣiríṣi. Lẹ́tà A, C, G àti T ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣe àmì fún àwọn èròjà náà, A àti C ibí yìí kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú A àti C ti ẹ̀wù. Okùn ti Neisseria meningitidis ní nǹkan bí mílíọ̀nù 2.2 lẹ́tà, ó sì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì abala tí wọ́n ń pè ní gíìnì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Gbogbo èyí lápapọ̀ ni àbùdá bakitéríà náà. Nígbàkúùgbà tí bakitéríà bá pín sí méjì, ó ní láti ṣe àdàkọ okùn yìí, àṣìkọ díẹ̀díẹ̀ sì máa ń wọ inú rẹ̀, tí àwọn tí ó bá ti ara rẹ̀ jáde yóò jogún. Bí bakitéríà méjì láti ara aláìsàn méjì bá ní àṣìkọ kan náà ní àwọn ibi kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Bí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn bá sì kéré, kò tíì pẹ́ tí wọ́n pínyà.

Ní ọdún 1998, Martin Maiden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà kan jáde tí gbogbo yàrá àyẹ̀wò ní àgbáyé lè jọ máa lò. Wọ́n yan gíìnì mẹ́fà, tí ó di méje lẹ́yìn náà, tí bakitéríà kò lè ṣe aláìní fún ìgbé ayé rẹ̀ ojoojúmọ́, wọ́n ka lẹ́tà apá kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fún oríṣi ìtò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Àkópọ̀ nọ́ńbà méje náà ni ó ń sọ nọ́ńbà ìran bakitéríà, tí àmì ST máa ń ṣáájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ST-5 tàbí ST-11. Àǹfààní rẹ̀ tí ó tóbi jù ni pé ẹni tí ó wà ní Niamey lè fi nọ́ńbà tirẹ̀ wé ti ẹni tí ó wà ní Oslo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi bakitéríà tí ó lè pa ènìyàn ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ní ọdún 2000 ni wọ́n tẹ gbogbo lẹ́tà inú okùn bakitéríà náà jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, ti ọ̀kan tí ó wọ ẹ̀wù A àti ti ọ̀kan tí ó wọ B. Bí owó tí kíka DNA ń ná ènìyàn sì ti ń wálẹ̀ láti ìgbà náà ni kíka odindi okùn ti ń gba ipò kíka gíìnì méje.

Ìrìn àjò sí Mẹ́kà wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ fi ìwúlò ìmọ̀ yìí hàn. Nígbà tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí ó lọ ṣe Hajj ní ọdún 1987, kíka DNA kò tíì rọrùn, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ bíi Mark Achtman ti ń fi ìyàtọ̀ tí ó wà nínú àwọn èròjà tí gíìnì ń pèsè dá ìran mọ̀. Báyìí ni ó ṣe hàn pé ìran kan tí ó wọ ẹ̀wù A, tí ó ti jà ní Ṣáínà àti Nepal ṣáájú, ni ó dé Mẹ́kà, àti pé àwọn tí ó ń padà sílé ni wọ́n gbé e wọ ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí ó ti jà ní Chad àti Sudan ní ọdún 1988. Ìran náà, ST-5, ni ó wà nídìí ikú ọdún 1996 ní Nàìjíríà.

Ní ọdún 2000, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Mẹ́kà, ṣùgbọ́n ẹ̀wù W ni ti ọ̀tẹ̀ yìí wọ̀, ó sì mú ènìyàn tí ó lé ní 300 láàárín àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn ará ilé tí wọ́n bá padà sí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bakitéríà titun ni, nítorí pé W kì í sábà fa àjàkálẹ̀ nígbà náà. Àyẹ̀wò àbùdá fi hàn pé kì í ṣe titun rárá: ìran ST-11 ni, àwọn ìbátan rẹ̀ tí ó wọ ẹ̀wù W sì ti wà nínú àkójọ àwọn yàrá àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di pé ó ráyè gbilẹ̀. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, W ti ìran ST-11 mú ènìyàn tí ó lé ní 12,000 ní Burkina Faso. Ìjọba Saudi Arabia sì sọ ọ́ di dandan pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń bọ̀ wá ṣe Hajj gba abẹ́rẹ́ tí ó kápá A, C, W àti Y pọ̀, òfin tí ó ṣì de àwọn Àlùhájì àti Àlùhájà tí ó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Èkó tàbí Ìlọrin títí di òní.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà ni ó jẹ́ kí ewu wíwo ẹ̀wù nìkan hàn kedere. Láti ọdún 2009 ni àwọn tí W ń mú níbẹ̀ ti ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ó sì rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti tọ́ka sí Mẹ́kà, nítorí pé W ni, ìran ST-11 sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka odindi okùn, wọ́n rí i pé ẹ̀ka tí ó ń jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ẹ̀ka Hajj. Ẹ̀ka tí ó bá a tan jù ni èyí tí ó ń jà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní Brazil, Argentina àti Chile. Gíìnì méje kò lè fi irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọ̀dọ́ ní abẹ́rẹ́ A, C, W àti Y, àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù sì wà lára àwọn tí ó ń gbà á títí di òní. Kí a má tíì sọ ti abẹ́rẹ́ rárá, àyẹ̀wò yìí gba àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ẹ̀sùn tí kò tọ́ sí wọn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, Burkina Faso, Mali àti Niger bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ àjẹsára titun kan tí ó ń jẹ́ MenAfriVac, tí wọ́n ṣe ní pàtàkì fún ẹ̀wù A ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà tẹ̀ lé wọn ní ọdún 2011. Láàárín ọdún mélòó kan, A fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá nínú ìgbànú náà, àṣeyọrí tí ó ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn ìlera ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, ẹ̀wù C, tí ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti gbúròó rẹ̀ ní agbègbè náà kẹ́yìn, yọjú ní Ìpínlẹ̀ Sokoto, ó jà ní Kebbi ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó sì kọjá ẹnubodè sí orílẹ̀-èdè Niger ní ọdún 2015, níbi tí ó ti mú ènìyàn tí ó lé ní 8,500, tí àwọn tí ó kú sì lé ní 500. Láàárín ìparí ọdún 2016 àti ààrin ọdún 2017, Nàìjíríà ka ènìyàn 14,518 tí wọ́n fura sí pé ó mú àti òkú 1,166, Zamfara ni ó sì fara gbá a jù.

Èrò kan tí ó lè wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni ni pé abẹ́rẹ́ ni ó fà á: pé nígbà tí àjẹsára ti dojú kọ ẹ̀wù A, bakitéríà kan náà bọ́ A sọnù, ó sì gbé C wọ̀. Èrò náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí pé Neisseria meningitidis lè gba DNA tí bakitéríà mìíràn fi sílẹ̀ nínú ọ̀fun ènìyàn mọ́ ara tirẹ̀, ó sì ti fi ọ̀nà yẹn pààrọ̀ ẹ̀wù rí. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni, yóò jẹ́ ìròyìn búburú fún gbogbo ètò àjẹsára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka àbùdá bakitéríà tí ó wá láti Sokoto, Kebbi àti Niger, nọ́ńbà ìran tí ó jáde ni ST-10217, èyí tí kò bá àwọn ìran A àtijọ́ tan, tí kò sì bá àwọn ìran C tí ayé ti mọ̀ tan pẹ̀lú. Ìran kan náà ni ó jà ní orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Níbo ni ó ti wá, nígbà náà? Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ láti Norway àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìdáhùn kan jáde tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n mú bakitéríà tí wọ́n rí lára àwọn aláìsàn, wọ́n sì fi àbùdá wọn wé ti àwọn tí wọ́n rí nínú ọ̀fun àwọn tí ara wọn le ní àwọn orílẹ̀-èdè inú ìgbànú náà. Ìbátan tí ó sún mọ́ apànìyàn yìí jù lọ jẹ́ ìran kan tí kò ní ẹ̀wù rárá, tí ó ń gbé nínú ọ̀fun àwọn ènìyàn láìpa ẹnikẹ́ni lára. Lára rẹ̀ ni ohun méjì ti wọlé: àwọn gíìnì tí ó ń hun ẹ̀wù C, tí ó gbà lọ́wọ́ bakitéríà mìíràn, àti DNA fáírọ́ọ̀sì kan tí kì í ṣe ènìyàn ni ó ń bá jà bí kò ṣe bakitéríà, tí ó wọ inú okùn rẹ̀, tí ó sì jókòó síbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì yìí, àwọn onímọ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ara àwọn Neisseria meningitidis tí ó ń fa àìsàn ni wọ́n ti sábà máa ń bá a. Kì í ṣe pé apànìyàn àtijọ́ pa ara dà, ọ̀kan nínú àwọn tí kò léwu ni ó gba ohun ìjà. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ètò ìlera ni pé kò tó láti máa ṣọ́ àwọn ìran tí ó ti pa ènìyàn rí nìkan. Ó yẹ kí ẹnì kan máa wo ohun tí ó wà nínú ọ̀fun àwọn tí ara wọn le pẹ̀lú, iṣẹ́ tí owó kì í sábà wà fún, nítorí pé kò sí aláìsàn kankan tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí.

Ìran ST-10217 yìí kan náà ni ó wà nídìí ọ̀ràn kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da orílẹ̀-èdè Liberia rú. Ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2017, àwọn ènìyàn tí ó lọ síbi ìsìnkú kan ní agbègbè Sinoe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, tí wọ́n sì ń kú kíákíá. Kò tíì ju ọdún díẹ̀ lọ tí Ẹ̀bólà pa ènìyàn tí ó lé ní 4,800 ní Liberia, ibi ìsìnkú sì wà lára ibi tí ó ti ràn jù, nítorí náà kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lọ síbẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé kì í ṣe Ẹ̀bólà. Wọ́n ronú nípa májèlé tí ó lè wà nínú oúnjẹ tàbí ohun mímu, wọ́n wádìí ìyẹn náà. Liberia kò sí nínú ìgbànú àrùn lọ́rùnlọ́rùn, púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà ni kò sì ní ọrùn gígan tí àwọn dókítà ń retí, nítorí pé inú ẹ̀jẹ̀ ni bakitéríà náà ti ń ṣọṣẹ́ lára wọn kí ó tó di pé ó dé awọ ọpọlọ. Nígbà tí àpẹẹrẹ tí wọ́n gbà lára àwọn aláìsàn àti òkú dé àwọn yàrá àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà, DNA Neisseria meningitidis tí ó wọ ẹ̀wù C ni wọ́n bá nínú wọn. Tààrà láti inú àpẹẹrẹ náà ni wọ́n ti ka àbùdá rẹ̀, tí wọ́n sì rí i pé ó jọ ti Nàìjíríà àti Niger gidigidi. Ènìyàn 31 ni ó ṣàìsàn, 13 nínú wọn sì kú. Ó dàbí ẹni pé láti agbègbè Nàìjíríà àti Niger ni ìran náà ti rìn jáde kúrò nínú ìgbànú dé Liberia.

Ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn yẹn gba ìṣọ́ra. Àyẹ̀wò àbùdá lè sọ pé bakitéríà méjì bá ara wọn tan, ṣùgbọ́n kò lè dá sọ ẹni tí ó kó o ran ẹnì kejì, tàbí ìlú tí ó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó ń gbé e kiri láìṣàìsàn pọ̀ ju àwọn tí ó dé ilé ìwòsàn lọ. Ibi tí wọ́n ti ń gba àpẹẹrẹ, tí wọ́n sì ń kà á, ni ìran máa ń kọ́kọ́ fara hàn. Orílẹ̀-èdè tí kò ní yàrá àyẹ̀wò lè máa dàbí ẹni pé kò ní àrùn. Nítorí náà ni ó fi dára pé iṣẹ́ yìí kò sí lọ́wọ́ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù nìkan mọ́. Ní Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, yàrá àyẹ̀wò ACEGID ti Yunifásítì Redeemer’s, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi dá sílẹ̀, ti ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì Ẹ̀bólà àti ti ibà Lassa, òun ni ó sì wà nídìí àbùdá kòrónà àkọ́kọ́ tí ó jáde láti ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Irú ẹ̀rọ àti irú ìmọ̀ kan náà ni kíka ti bakitéríà ń béèrè.

Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2024, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní àgbáyé tí ó lo abẹ́rẹ́ àjẹsára titun tí ó kápá A, C, W, Y àti X lẹ́ẹ̀kan náà, Ìpínlẹ̀ Jigawa sì wà lára ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wù márùn-ún ni abẹ́rẹ́ yẹn mọ̀, B kò sì sí nínú wọn. Síbẹ̀, iṣẹ́ ìtọpinpin kò tíì parí. Ní àwọn oṣù tí ó tẹ̀ lé e, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà, Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ènìyàn 12 tí àrùn bakitéríà yìí mú, tí gbogbo wọn jẹ́ àwọn tí ó lọ sí Saudi Arabia tàbí àwọn tí ó súnmọ́ wọn, ẹ̀wù W ni ó sì pọ̀ jù lára wọn. Ọ̀kan nínú àwọn bakitéríà náà kò gbọ́ oògùn ciprofloxacin mọ́, oògùn tí wọ́n máa ń fún àwọn ará ilé aláìsàn kí ó má baà ràn wọ́n. Ìyípadà kékeré nínú gíìnì kan tí ó ń jẹ́ gyrA tó láti fa irú èyí, kíka àbùdá sì lè fi í hàn.

Gbogbo iṣẹ́ yìí kò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí àpẹẹrẹ. Omi tí ó wà láyìíká ọ̀pá ẹ̀yìn ni ó dára jù, dókítà ni ó sì máa ń fi abẹ́rẹ́ fà á láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ ibi tí ọ̀pá náà ti parí. Bí oògùn apakòkòrò bá ti wọ ara ṣáájú, bakitéríà lè ti kú kí ó tó dé yàrá àyẹ̀wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé DNA rẹ̀ lè ṣì ṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kì í gbà, nítorí ìbẹ̀rù pé ó ń sọ ènìyàn di arọ, bẹ́ẹ̀ àrùn náà gan-an ni ó ń ṣe irú bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ibà bá mú ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọrùn rẹ̀ sì gan, kí àwọn ará ilé má ṣe lọ máa fi egbòogi tàbí oògùn ẹ̀gbẹ́ títì dán an wò. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bí dókítà bá sì ní òun fẹ́ fa omi ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n gbà fún un.